Káìtì Wo La Fi Ń Sáré Nínú Ìjì?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ nìyí nínú gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, lásìkò ọyẹ́. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò, mo sì fi ìbéèrè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe wáyé.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àga ṣì kù níwájú, ẹ wọlé kí eruku má pa yín.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn níbẹ̀ pé ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n pè wá. Rárá o. Télọ̀ ni mí. Ìtòkú níbí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀gá mi kì í sì í fi ọ̀pá pa mọ́ nígbàkígbà tí ojú rírán mi bá wọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tún káìtì ṣe ní Langebaan, ìlú kan létí ọ̀sà, nǹkan bí 120 kìlómítà sí àríwá Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Káìtì tí mò ń wí kọ́ ni èyí tí a fi igi ìgbálẹ̀ àti ọ̀rá ṣe nígbà tí a wà ní kékeré. Aṣọ ńlá ni, òmíràn fẹ̀ tó ilẹ̀ yàrá kan. Okùn mẹ́rin ló so ó mọ́ ọ̀pá tí èèyàn dì mú, ìkọ́ kan tún fi gbogbo rẹ̀ há bẹ́líìtì tó dì mọ́ ìdí. Ẹni náà á dúró lórí pátákó, afẹ́fẹ́ á sì máa wọ́ ọ lọ lórí omi. Bí aṣọ náà bá ya, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Nígbà tí àwọn aládùúgbò bi ìyá mi pé kí ni mò ń ṣe lókè òkun, ó ní, "Aṣọ ìjì ló ń tún ṣe." Mi ò tíì rí ẹni tó túmọ̀ iṣẹ́ mi jù báyẹn lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo mọ̀, orí tábìlì ìránṣọ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí aṣọ ti ya ni mo fi ń mọ bí ẹni tó ni ín ṣe yàn án.

Ìbéèrè tí wọ́n fún mi nìyí: bí afẹ́fẹ́ bá le gan-an, tí èèyàn sì fẹ́ sá eré àsápajúdé, irú káìtì wo ni kó mú? Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Wọ́n á ní, "Èwo ló lágbára jù?" Agbára ńkọ́? Agbára kì í wọ́n nínú ìjì. Bí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti aṣọ á di ìlọ́po mẹ́rin. Nọ́ọ̀tì la fi ń wọn afẹ́fẹ́ lórí omi, nọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.852 ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ 20 nọ́ọ̀tì, ìgbádùn ni. Tó bá di 30, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ti ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá di 40, ìyẹn kìlómítà 74 ní wákàtí kan, ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ rántí ìjì tó máa ń ṣí páànù kúrò lórí ilé nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ra agbára nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, omi ló ń rà létí odò Ògùn.

Ohun méjì ló wọ́n. Èkíní, káìtì tó lè dẹwọ́ nígbà tí ẹ bá ní kó dẹwọ́. Èkejì, káìtì tí afẹ́fẹ́ ò rí ibi dì mú lára rẹ̀ láti fà á sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì kì í sì í fìgbà gbogbo gbé inú aṣọ kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀. Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, oníbàárà kan kò rí owó san, ó fi káìtì àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi. Mítà 9 níbùú-lóròó ni, "káìtì 9" la máa ń pè é. Mo wọn kìlógíráàmù 78 nígbà náà, ẹ má wo ikùn mi báyìí. Mo bọ́ sómi láàárọ̀, afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bí 22, gbogbo rẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn ti ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dókítà, máa ń le sí i bí oòrùn bá ti mú. Kó tó di aago méjì, ó ti kọjá 30. Mo ti ọ̀pá jìnnà sí àyà mi kí káìtì lè dẹ̀. Ọwọ́ mi nà tán, káìtì ò dẹ̀. Ó gbé mi kúrò lórí pátákó, ó sì fi ìdí mi wọ́ ọ̀sà yẹn bí ẹni ń fi ọkọ́ kọ ebè. Okùn ìjánìkúrò tó wà ní ìgbáròkó mi ni mo fà, ìyẹn ló gbà mí. Bàtà mi ẹsẹ̀ òsì ṣì wà nísàlẹ̀ ọ̀sà yẹn dòní.

Kí ló fà á? Ìrísí rẹ̀ ni. Irú èyí tó dà bí lẹ́tà C ni, okùn so tààrà mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá ti ọ̀pá síwájú, díẹ̀ báyìí ló máa yí padà sí afẹ́fẹ́. Ó ń fèsì kíá, àwọn tó ń fi káìtì dárà fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "ó tó".

Òbí ọ̀pọ̀ káìtì òde òní ni. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní ilẹ̀ Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí káìtì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú egungun rẹ̀, lọ́dún 1984. Ohun tí wọ́n ń wá ni káìtì tí kò ní rì tó bá já lu omi, tí yóò sì tún lè gbéra. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Bruno tún gbé ìrísí mìíràn jáde. Orúkọ tí òyìnbó fún un ni ọrun, irú èyí tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Mi ò ní pè é ní káìtì ọlọ́run, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìwàásù ni mo gbé wá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní oníjàánu, torí okùn kéékèèké kan wà tó di egungun iwájú rẹ̀ mú ní ojú ibi púpọ̀, bí ìjánu ẹṣin. Wọ́n tún gé etí ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú. Àwọn méjèèjì yìí ló mú kí gbogbo aṣọ náà lè dojú délẹ̀ pátápátá bí ẹ bá ti ọ̀pá síwájú.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń gbé atẹ, ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ìjì bá dé bá yín ní ọjà Kútọ̀, tí ẹ dojú atẹ kọ ọ́, ó máa gba atẹ lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá fi etí rẹ̀ kọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà á gbé e. Atẹ kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà ni. Oníjàánu lè yí láti ojú sí etí lábẹ́ ọwọ́ yín. Èyí tó dà bí C kò lè ṣe ju ìdá díẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe nísinsìnyí wà láàrin àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ìjánu kúkurú, wọ́n sì ṣe é dáadáa.

Irú kẹta ni alápò, tí wọ́n ń pè ní fọ́ìlì. Kò ní egungun kankan. Aṣọ méjì ni wọ́n rán pọ̀ mọ́ra, ògiri aṣọ wà láàrin wọn tó pín inú rẹ̀ sí àpò àpò, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹnu iwájú wọlé láti wú u. Domina Jalbert, ará Amẹ́ríkà, ló ti gbé irú ìrísí yìí jáde láti 1964, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pátákó. Ó yọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ju onítúùbù lọ, ìyẹn àwọn tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú egungun wọn. Nígbà tí eré káìtì kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì, ní omi Marseille lọ́dún 2024, alápò ni gbogbo wọn fi sáré, lórí pátákó tó ní ìyẹ́ lábẹ́ omi.

Ẹ ò wá ní bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ní kí gbogbo èèyàn lọ ra alápò? Torí pé ara rẹ̀ kì í dúró lójú kan bí afẹ́fẹ́ bá ń ṣe ségesège. Afẹ́fẹ́ ló gbé e ró, bí afẹ́fẹ́ bá já a sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, á rọ̀ bí ìrọ̀rí tí wọ́n tú òwú inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tún dé lójijì pẹ̀lú 40 nọ́ọ̀tì, ibi tó bá wù ú ló máa ṣí sí. Ìjánu rẹ̀ pọ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnìkan gbé ọ̀kan wá fún mi rí, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú u bí ìyàwó tó ń tú irun gbígbà. Lọ́wọ́ ọ̀gá, ohun àrà ni. Lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ bí eré ṣe ń rí nínú ìjì, onítúùbù ni kó mú, torí egungun rẹ̀ ò gba àṣẹ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ kó tó dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú eré gan-an.

Ẹ gun ọ̀kadà láti Láfẹ́ńwá lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ lọ́sàn-án tí ewé ò mì. Ṣé aṣọ yín kì í fẹ́? Ó ń fẹ́. Ọ̀kadà ló dá afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀, iwájú ló sì ti ń wá. Bákan náà ló rí lórí omi. Afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ń ti ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn yín wá, afẹ́fẹ́ eré yín ń ti iwájú wá, àpapọ̀ wọn ni káìtì ń rí. Bí ẹ bá ṣe ń yára sí i ni àpapọ̀ yẹn ń yí sí iwájú. Ó máa dé ibì kan tí káìtì á máa fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti sẹ́yìn ju bó ṣe ń fà yín síwájú lọ. Òpin eré yín nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ì báà le dé ibi tó le dé.

Káìtì tó máa sún òpin yẹn síwájú ni èyí tó lè fò jìnnà dé iwájú. Bí ẹ bá kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́, gbogbo ibi tí káìtì lè dé níwájú yín dà bí inú igbá ńlá tí a gbé dúró. Ní àárín gbùngbùn igbá ló ti ń fà jù. Ní etí igbá, ó ń fà díẹ̀, ṣùgbọ́n síwájú ló ń fà. Aṣọ tó wúwo, tó nípọn níwájú, tí ara rẹ̀ rí jákujàku, kì í dé etí igbá. Ó máa ń lọ́ra lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

Ẹ wo ìtàn àwọn tó sá a. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀wàrà 2008, ní Lüderitz, Nàmíbíà, Sébastien Cattelan ọmọ Faransé fi káìtì sá 500 mítà ní 50.26 nọ́ọ̀tì. Nínú gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ ń wọ́ lórí omi, títí kan ọkọ̀ onígbòkun, òun ló kọ́kọ́ kọjá 50. Lọ́jọ́ kejì, Alex Caizergues gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú 50.57. Rob Douglas ará Amẹ́ríkà gbé e dé 55.65 ní Lüderitz lọ́dún 2010. Caizergues tún padà wá, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé lọ́tẹ̀ yìí, ó sá 57.97 lọ́dún 2017. Ìyẹn ju kìlómítà 107 lọ ní wákàtí kan, lórí pátákó tí kò ju ti aṣọ lílọ̀ lọ púpọ̀. Àwọn obìnrin ò gbẹ́yìn: Charlotte Consorti ti kọjá 50 láti 2010.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 2012, Paul Larsen wa ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Vestas Sailrocket 2 ní Walvis Bay, Nàmíbíà kan náà, ó sá 65.45 nọ́ọ̀tì. Afẹ́fẹ́ tó fi sá a kò tó 30. Àwọn oníkáìtì sì nílò ìjì tó ń ṣí fìlà kúrò lórí kí wọ́n tó kọjá 50. Ìjì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, eré kéré. Ibo ni èyí tó kù ń jò gbà?

Ara èèyàn ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ Larsen jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé afẹ́fẹ́, èèyàn tó dúró lórí pátákó sì dà bí òpó iná. Okùn ni èkejì, ibẹ̀ ni ẹnu máa ń ya àwọn oníbàárà mi. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Okùn mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan 20 mítà, àpapọ̀ 80 mítà. Kí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2. Ẹ ṣe é ní ìṣirò, ó jẹ́ 0.16 mítà níbùú-lóròó. Bí ẹni gbé pákó tó jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà méjèèjì dojú kọ afẹ́fẹ́, tó ń sáré pẹ̀lú rẹ̀! Okùn tí ẹ rò pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sáré gbọọrọ fi ń gé okùn kúrú. Tí 20 bá di 15, ìdámẹ́rin pákó yẹn ti lọ. Ẹni tó fẹ́ fò sókè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí káìtì rẹ̀ nílò àyè láti fi gbá kiri. Ẹni tó ń sáré, ojú kan ni káìtì rẹ̀ ń dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀kẹta, kò sì dùn mọ́ àwọn ọmọ kékeré nínú: káìtì tó kéré jù kì í yára. Mo mọ̀ pé gbogbo olùkọ́ ló ń pariwo pé kí ẹ mú kékeré, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń kọ́. Ṣùgbọ́n okùn kì í kéré torí pé aṣọ kéré, ara yín kì í sì í kéré. Túùbù iwájú káìtì 5 nípọn, bí ẹ bá fi wé ìwọ̀n aṣọ rẹ̀, ju ti káìtì 9 lọ. Nítorí náà ohun tó ń fani sẹ́yìn wà níbẹ̀ gbogbo, ohun tó ń fani síwájú nìkan ló dín. Ìṣirò ojú lásán kan wà tí wọ́n ń lò: ẹ sọ ìwúwo yín ní kìlógíráàmù di ìlọ́po 2.2, kí ẹ pín in pẹ̀lú nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́. Ẹni 80 nínú afẹ́fẹ́ 30, ó máa bọ́ sí nǹkan bí káìtì 6. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ lè tẹ pátákó mọ́ omi láìbẹ̀bẹ̀, kí omi ibẹ̀ sì tẹ́jú, nígbà náà ni kí ẹ gòkè díẹ̀. Ẹni tó wúwo ń jèrè níhìn-ín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún ìyàwó mi.

Gígùn àti fífẹ̀ ńkọ́? Òyìnbó fi orúkọ àwòdì pe ohun yìí, káìtì kan náà ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ẹ wo àwòdì lójú ọ̀run, ìyẹ́ rẹ̀ gùn, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú, síbẹ̀ ó ń lọ. Ẹ wo àparò, ìyẹ́ kúkurú roboto. Ó máa ń ta gìrì, á yí bírí nínú igbó, á sì balẹ̀ kíá. Káìtì tó gùn tí kò fẹ̀ ń yára, ó ń dé etí igbá. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó yí, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣàdédé rọlẹ̀, ó lè sáré kọjá etí igbá kó sì ṣubú lé yín lórí. Káìtì roboto a máa darí jì yín. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ láti ojú òkun, tó dúró ṣinṣin, tí ẹ sì ń sá ọ̀nà kan gbọọrọ, ẹ mú ti àwòdì. Níbi tí òkè tàbí ilé ti ń gé afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ mú ohun tó sún mọ́ àparò, kí ẹ gbàgbé 50 nọ́ọ̀tì.

Egungun ìhà, ìyẹn àwọn túùbù tó ti iwájú aṣọ lọ sí ẹ̀yìn: òmíràn ní ọ̀kan, òmíràn mẹ́ta, òmíràn márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ káìtì fúyẹ́ fún afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ lè ní ọ̀kan tó òun. Nínú ìjì, ìhà kan kò tó. Ohun tó ń wá sórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn: etí ẹ̀yìn tó ti ń gbọ̀n pàpàpà títí tí òwú fi já, tí aṣọ sì ya láti ibẹ̀ wọnú. Gbígbọ̀n yẹn pàápàá ń jẹ eré. Mẹ́ta ló kéré jù tí mo lè gbà yín nímọ̀ràn, márùn-ún ló dára jù fún ẹni tó ń sáré, torí ó ń mú kí ara aṣọ dúró bí ó ṣe yẹ.

Túùbù iwájú: tẹ́ẹ́rẹ́ ló yára. Ẹ máa rò pé tẹ́ẹ́rẹ́ á tètè ṣẹ́. Ẹ wo táyà kẹ̀kẹ́ ológeere àti táyà tírákítọ̀. Èwo ni wọ́n ń fẹ́ le jù? Ti kẹ̀kẹ́. Ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gba afẹ́fẹ́ líle láìbẹ́. Nítorí náà ẹ fẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ má ṣe ojo. Ìdajì àwọn tó ń sọ fún mi pé káìtì àwọn kò gbádùn nínú ìjì, wọn ò fẹ́ ẹ tó ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aṣọ, torí ibi iṣẹ́ mi nìyí, àwa ará Abẹ́òkúta la sì yẹ ká mọ̀ ọ́n jù. Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kọ dì, aró kò ní wọ̀ ọ́. Aṣọ káìtì náà ní ohun tí wọ́n fi pa á lára tó dí ojú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má ráyè gbà á kọjá. Oòrùn àti iyọ̀ ló ń jẹ nǹkan náà díẹ̀díẹ̀, aṣọ á wá máa nà, á máa jò. Káìtì á ṣì dára lójú, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dé etí igbá mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ fi ẹnu sí àárín aṣọ náà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ fi ọwọ́ sí òdì kejì. Bí atẹ́gùn bá kan ọwọ́ yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kí ẹ tún wo àwọn yíyí kéékèèké tí okùn ìjánu ń gbà kọjá, torí iyanrìn ń jẹ wọ́n. Bí ọ̀kan bá há nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí káìtì dẹ̀, ẹ ti padà sọ́dọ̀ C mi nìyẹn, ẹ sì mọ ibi tí bàtà mi wà.

Bí owó mi bá tó ra ẹyọ kan péré, tí ẹ sì ní kí n wá sáré nínú afẹ́fẹ́ 35 lọ́la, onítúùbù oníjàánu ni màá mú, káìtì 6 tàbí 7, ìhà márùn-ún, kó gùn díẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ ṣùgbọ́n kó má gùn dé góńgó, okùn 15 sí 18 mítà. Ẹlòmíràn lè ní alápò ni. Mi ò bá a jà. Ọ̀dọ̀ mi ló máa gbé e wá.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ní ṣé a lè ṣe é lórí omi ìsédò Ọ̀yàn, tàbí lórí odò Ògùn wa yìí? Mo ní, ẹ ṣeun bàbá. Odò Ògùn ò fẹ̀ tó, àpáta sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀yàn fẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tí a ń gbà yìí máa ń gbẹ ètè ju bó ṣe ń fà lọ, èyí tó sì le, tó ń ṣáájú òjò, kì í pẹ́, ó ń yí ojú padà, mànàmáná sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá so ara rẹ̀ mọ́ okùn tútù lábẹ́ mànàmáná, Ṣàngó ló ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Etí òkun Èkó lóṣù Agẹmọ àti Ògún ló sàn, fún káìtì ńlá àti eré pẹ̀lẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì béèrè pé kí ló dé tí àwọn tó ń wá ìyára jù lọ kò fi lo pátákó oníyẹ̀ẹ́ bíi ti Òlíḿpíìkì. Ìbéèrè tó gbóná ni. Mo sọ fún un pé bí ìyẹ́ abẹ́ omi bá sún mọ́ 50 nọ́ọ̀tì, omi tó ń gba orí rẹ̀ kọjá máa ń hó, kì í ṣe torí iná, bí kò ṣe torí pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti já kúrò lórí rẹ̀. Ìyẹ́ á wá pàdánù agbára gbígbé rẹ̀. Ọkọ̀ Larsen gbé ìyẹ́ tí wọ́n dìídì gbẹ́ fún un wá, ìyẹn ni kò fi dúró síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, mo sì ní kó má bi télọ̀ léèrè iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Nígbà tí a ń kó àga, ọmọkùnrin kan, bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé káìtì igi ìgbálẹ̀ tirẹ̀ wá bá mi. Ọ̀rá dúdú ni, ìrù rẹ̀ sì gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ohun tó ń fani sẹ́yìn ni kò jẹ́ kó yára. Tí mo bá wá gé ìrù rẹ̀ ńkọ́?" Mo sọ fún un pé ìrù yẹn ló ń mú un dúró, tó bá gé gbogbo rẹ̀, á máa pòòyì. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Mo wá yọ sísọ́ọ̀sì iṣẹ́ mi lápò, mo ní kó máa gé e ní ìwọ̀n ìka kan, kó fò ó, kó tún gé ìka kan, kó sì ka iye ìka tó gé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Ó ti jáde kí n tó rántí gba sísọ́ọ̀sì mi padà.